Kípírù Wo Ni Ẹ Ń Lọ?

Bí ẹ kò bá gbúròó mi fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán nínú mi. Iṣẹ́ kan ni àbúrò mi obìnrin bẹ̀ mí, iṣẹ́ náà sì gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ìgbayè ni àbúrò mi yìí ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èlùbọ́ àti gàrí ni ó ń tà, ó ń ná ọjà Òkukù, ó sì ń ná ti Ìkirun. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni ó fẹ́ lọ kàwé ní òkè òkun. Ọkùnrin kan tí ó máa ń bá àwọn ọmọ wá ilé-ìwé sí ilẹ̀ òkèèrè ti bá wọn ṣe ètò, wọ́n sì ti san ìdajì owó fún un. Àbúrò mi kó àwọn ìwé náà wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní: "Bùọ̀dá mi, Kípírù ni wọ́n ní ó ń lọ. Wọ́n ní Yúróòpù ni. Ẹ bá mi wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá sọ fún mi bí ibẹ̀ ṣe rí."

Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo tẹ orúkọ ìlú náà, ojúewé sì ya lù mí bí omi Ọ̀tìn nígbà òjò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo ń kà á, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ojúewé kan tí ó dára púpọ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò tiwọn. Ó ní kí wọ́n má ṣe ya fọ́tò àwọn ológun àti ibùdó wọn. Ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilé ní apá àríwá ṣọ́ra gidigidi, nítorí púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó jẹ́ ti àwọn tí ogun lé kúrò ní 1974. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìwé adójútòfò fún ọkọ̀ tí a bá háyà. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá. Àbúrò mi gbọ́ ọ tán, ó wò mí, ó ní: "Ta ni ó fẹ́ ra ilé?"

Lẹ́yìn náà ni ó wá bèèrè ìbéèrè tirẹ̀. Ṣé ọmọ náà lè rí iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́? Bí ara rẹ̀ kò bá yá, tàbí tí ọlọ́pàá bá mú un, ṣé ilé ìjọba Nàìjíríà wà níbẹ̀ tí ó lè sá lọ? Aago mélòó ni òun lè pè é tí òun kò ní bá a lójú oorun? Kí ni wọ́n ń jẹ? Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń kí àgbà níbẹ̀? Ojúewé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò dáhùn ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bí ó ti yẹ kí wọ́n dáhùn rẹ̀ fún un. N kò dá wọn lẹ́bi. Kì í ṣe ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ ní Òkukù ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Nílẹ̀ wa, èdè Yorùbá ni a fi ń pinnu ìrìn-àjò. Ọmọ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ni ó ń ta ilẹ̀. Ìyá àti bàbá ni, ẹ̀gbọ́n bàbá ni, ìpàdé ìdílé nínú pálọ̀ ni, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé àdúrà ìparí. Ìmọ̀ nípa ibi tí a ń lọ wá wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àlàfo ńlá ni ó wà láàrin èdè tí a fi ń pinnu àti èdè tí ìmọ̀ wà nínú rẹ̀, inú àlàfo yìí gan-an ni alágbàtà kọ́lé sí. Òun nìkan ni ó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ Kípírù fún àbúrò mi, nítorí náà ohun tí ó bá sọ pé Kípírù jẹ́ ni ó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Kípírù náà bí mo ti wá ṣàlàyé rẹ̀ fún un nígbẹ̀yìn.

Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì nínú Bíbélì Yorùbá ti pàdé rẹ̀ rí. Ará Kípírù ni Bánábà, ibẹ̀ sì ni òun àti Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ wọkọ̀ ojú omi lọ nígbà tí wọ́n gbéra láti wàásù. Erékùṣù ni, ó wà ní apá ìlà-oòrùn Òkun Mẹditaréníà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣàkóso rẹ̀ bí wọ́n ti ṣàkóso wa, 16 August 1960 ni ó sì gba òmìnira, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú Nàìjíríà. Àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì àti àwọn tí ń sọ èdè Tọ́kì ni ó jọ ń gbé ibẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn ní òpin 1963, ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì dé ní 1964 láti là wọ́n. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di òní. Ní July 1974, àwọn kan tí ó fẹ́ kí erékùṣù náà darapọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gíríìsì dojú ìjọba bolẹ̀. Ní 20 July ọdún kan náà, ọmọ ogun Tọ́kì gúnlẹ̀ sí apá àríwá. Láti ìgbà náà ni Kípírù ti di méjì.

Apá gúúsù ni ìjọba tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ayé mọ̀. Ó wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 1 May 2004, ó sì ń ná owó yúrò láti January 2008. Apá àríwá pe ara rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ní 15 November 1983, ilẹ̀ Tọ́kì nìkan ni ó sì gbà bẹ́ẹ̀ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé Kípírù wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò purọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé ilé-ìwé ọmọ yín wà ní Nicosia, olú-ìlú Kípírù, òun náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n àárín ìlú Nicosia gan-an ni ààlà náà gbà kọjá. Àwọn tí ń sọ Tọ́kì ní apá àríwá a máa pe apá tiwọn ní Lefkoşa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Famagusta ń jẹ́ Gazimağusa, tí Kyrenia sì ń jẹ́ Girne. Orúkọ méjì-méjì ni ìlú kọ̀ọ̀kan ní, alágbàtà a sì máa mú èyí tí ó bá dùn jù létí ìyá olówó.

Mo gba ìwé ìgbaniwọlé ọmọ náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé-ìwé sí, mo rí "Mersin 10, Turkey". Mersin kò sí ní erékùṣù náà rárá. Ìlú èbúté ni, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Nítorí pé àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé kò mọ apá àríwá ní orílẹ̀-èdè, gbogbo lẹ́tà tí ó ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ Tọ́kì kọjá, àmì tí wọ́n sì fún un ni Mersin 10. Bí ẹ kò bá rántí ohunkóhun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ rántí èyí. Bí ẹ bá rí Mersin 10 nínú ìwé tí wọ́n fi pe ọmọ yín, apá àríwá ni ó ń lọ.

Pápákọ̀ òfuurufú náà ń sọ ohun kan náà. Ercan ni ti àríwá ń jẹ́, ọkọ̀ òfuurufú kankan kò sì lè balẹ̀ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ó gba ilẹ̀ Tọ́kì wá. Ìjọba gúúsù kò ka Ercan sí ẹnu-ọ̀nà. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé, lójú tiwọn, ẹni tí ó wọlé láìbófinmu ni, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó sọdá sọ́dọ̀ wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé "yóò máa lọ sí Yúróòpù ní òpin ọ̀sẹ̀" kì í ṣe òótọ́. Ilé ìjọba Nàìjíríà kankan kò sí ní àríwá. Ankara, ní ilẹ̀ Tọ́kì, lódì kejì òkun, ni ọ́fíìsì aṣojú wa tí ó ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, àbúrò mi kò fèsì. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó tún un ró.

Ní 2020, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní òkè òkun, NiDCOM, kìlọ̀ fún àwọn òbí nípa rírán ọmọ lọ sí àríwá Kípírù. Ìròyìn náà kún inú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Mo bi àbúrò mi bóyá ó gbọ́ ọ. Ó ní kò dé etí òun.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ilé-ìwé gidi wà ní àríwá náà. Eastern Mediterranean University tí ó wà ní Gazimağusa bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ẹ̀rọ ní 1979, Near East University ti Lefkoşa sì bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ ti gboyè jáde níbẹ̀, wọ́n sì ń fi oyè náà jẹun. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wádìí bóyá ilé-ìwé náà àti ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ wà lórí ìwé YÖDAK, àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò ilé-ìwé gíga ní àríwá, àti ti YÖK ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòsí wa yìí kò tíì pẹ́. Ní January 2024, ìjọba Nàìjíríà dá àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí láti ilẹ̀ Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba oyè ní Kútọnu láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tí ó fi ọdún mẹ́rin kàwé tọkàntọkàn níbẹ̀ ni wọ́n jọ kó sínú wàhálà náà.

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó mọ agbára ìwé ju àwa ará agbègbè yìí lọ. Láti Ìnísà, láti Ọ̀ffà, láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòwò ní Gánà láti ìgbà tí ó ti ń jẹ́ Gold Coast. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní 18 November 1969, ìjọba Busia kéde pé àjòjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò. Ìyá wa àgbà wà lára àwọn tí ó dé pẹ̀lú ẹrù orí kan ṣoṣo. Títí ó fi kú, kò sọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà láìda. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé, "Ìwé ni ó lé mi. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé ènìyàn ń gba ìwé kí ó tó máa ta aṣọ." Ogún ọdún ó lé ni ó ti lò níbẹ̀ nígbà náà.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú ìwé fún ọmọ yìí ni pé kí ó gba ìwé àṣẹ ìgbélùú ti akẹ́kọ̀ọ́ ní kété tí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ tán. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá níbẹ̀ láìníwèé yóò san ìtanràn, ìtanràn náà a sì máa gun orí ara wọn lójoojúmọ́. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ wà lọ́tọ̀ sí ti ẹ̀kọ́, agbanisíṣẹ́ ni ó sì ń bèèrè rẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá sọ pé ọmọ yóò máa fi owó iṣẹ́ san owó ilé-ìwé láti oṣù àkọ́kọ́, ẹ bi í léèrè bóyá òun ni yóò gba ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ owó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á rú pátápátá, mo sì rò pé ó yẹ kí ó dà á rú. Náírà ni àbúrò mi ń kà. Owó ilé-ìwé, yúrò tàbí dọ́là ni wọ́n sábà ń kọ síwèé. Owó ilé, pọ́ùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni onílé púpọ̀ ní àríwá ń bèèrè, àṣà àtijọ́ ni. Búrẹ́dì àti ọkọ̀, lírà ti ilẹ̀ Tọ́kì. Owó mẹ́rin fún ọmọ kan! Láti 2018 ni agbára lírà sì ti ń jò bí omi inú agbè, náírà náà kò sì dúró láti 2023. A kò lè ka iye tí ọmọ yóò ná ní náírà lẹ́ẹ̀kan kí a sì fọwọ́ sọ̀yà pé ó parí. Mo ní kí ó ka ti ọdún kan, kí ó sì fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kún un.

Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa nígbà òtútù, ó sì fi méjì ṣáájú láti òpin March sí òpin October. Bí àbúrò mi bá pè é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ́yìn tí ó ti ọjà dé, yóò bá a ní mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ìgbà òjò wọn wá kọjú sódì sí tiwa. Nígbà tí òjò bá ń dà ní Ìgbayè tí ẹrẹ̀ sì ń mu ẹsẹ̀, ibẹ̀ gbẹ fúrúfúrú, ooru lè ju 35 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láti November sí March, nígbà tí ọyẹ́ ń fọ́ wa létè, ni òjò tiwọn ń rọ̀, òru January ní Lefkoşa sì lè lọ sílẹ̀ dé 5. Ẹni tí ó bá dé ní September pẹ̀lú bùbá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ yóò rò pé wọ́n fi òtútù pa irọ́ fún òun, títí December yóò fi dé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi nǹkan méjì sílẹ̀ níbẹ̀ tí àwa náà mọ̀. Púlọ́ọ̀gì wọn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi tiwa, nítorí náà ṣájà foonù láti ilé yóò wọlé (kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Istanbul o, ẹlẹ́sẹ̀ méjì roboto ni ti ibẹ̀). Ọwọ́ òsì ni wọ́n sì ń wakọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí pé ọwọ́ òsì ni àwa náà ń wà títí di 2 April 1972. Ọ̀tún ni kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọdá títì kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà ọlọ́pàá ní àríwá ni 155, ti ọkọ̀ aláìsàn ni 112.

Mo wá dé ibi tí inú mi ti dùn jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ìbéèrè àbúrò mi ni pé ṣé wọ́n ń kí àgbà. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ ìkíni Tọ́kì sílẹ̀ bí ohun ìyanu, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò ní ya ẹnu. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ó sọ pé "Kolay gelsin", kí iṣẹ́ náà rọrùn fún ọ. Kí ni èyí bí kò ṣe "Ẹ kú iṣẹ́"? Ẹni tí ó ṣàìsàn tàbí tí ó bọ́ nínú jàǹbá, "Geçmiş olsun", kí ó ti kọjá lọ. Àwa a ní "Ẹ kú ewu". Ẹni tí ó se oúnjẹ, "Elinize sağlık", kí ọwọ́ yín le. Ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀, "Başınız sağ olsun", èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí orí yín wà láàyè. Orí, ẹ gbọ́! Bí mo ti sọ èyí fún àbúrò mi, ó ní, "Ṣé wọ́n mọ orí ni?"

Kò sí ẹni tí ń pe àgbà lórúkọ lásán. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni "abi", ẹ̀gbọ́n obìnrin ni "abla", wọ́n a sì fi í tẹ̀lé orúkọ, kì í ṣáájú rẹ̀ bíi Bùọ̀dá àti Àǹtí tiwa. Ní ọjọ́ ọdún Iléyá àti ti Ìtunu Ààwẹ̀, ọmọdé a máa fi ẹnu ko ọwọ́ àgbà, a sì gbé ọwọ́ náà kan iwájú orí rẹ̀. Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, èyí tí ó tún dùn mọ́ mi nìyí. Arọ́pò-orúkọ wọn fún ẹnì kẹta ni "o", kò sì yà ọkùnrin sọ́tọ̀ sí obìnrin, gẹ́gẹ́ bí "ó" tiwa. "Sen" ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ẹni, "siz" ni wọ́n ń pe àgbà, bí "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ ní Tọ́kì kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ̀wọ̀. Ohun kan péré ni kí ó kíyè sí. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé rárá, wọ́n lè gbé orí sókè díẹ̀ kí wọ́n sì fi ahọ́n ta ẹnu, "cık". Kí ó má ṣe rò pé wọ́n ń pòṣé sí òun.

Ó ku oúnjẹ. Ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní molohiya ní Kípírù. Ewédú ni, ewédú gan-an, kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Wọ́n a sá a gbẹ, wọ́n a sì fi ẹran tàbí adìẹ sè é. Wọ́n ń jẹ kókò, kolokas ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń jẹ ilá, bamya, ṣùgbọ́n wọ́n a máa fi ọsàn kíkan tàbí ọtí kíkan pa yíyọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwa ń wá nínú ilá gan-an ni wọ́n ń sá fún. Ẹ̀wà olójú dúdú wà. Wàràkàṣì wọn, hellim, kì í yọ́ bí ẹ bá dín in, bíi ti àwọn Fúlàní tí ń kiri ní Òkukù. Ìgbín náà wà, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fẹ́ sọ ọ́ níwájú àwọn ará Ìkirun.

N kò rí ìwé atọ́nà kan tí ó sọ fún arìnrìn-àjò pé ewédú wà ní Kípírù. Kí ni yóò mú ará Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́? Èyí ni mo ń wí. Ìmọ̀ tí a kọ fún ẹlòmíràn kì í ṣe ti wa kìkì nítorí pé a túmọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ yìí kò yẹ èdè Yorùbá, pé oríkì àti òwe ni kí a máa kọ. Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀. Mo ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan lórí ìlù àti orúkọ àbísọ, mo sì ti sunkún púpọ̀ pé èdè wa ń kú, láì kọ ìlà kan tí yóò mú kí ìyá kan ní Ìgbayè nílò láti ka Yorùbá lọ́jọ́ Ajé. Àwọn tí ó ṣáájú wa kò ṣe báyìí. Ní nǹkan bí 1928 sí 1930, nígbà tí ìwé ìròyìn Yorùbá ń gbèrú ní Èkó, àwọn olóòtú bí I. B. Thomas ti Akéde Èkó a máa rìnrìn-àjò kiri, wọ́n a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wọn fún olùkàwé: bí ọ̀nà ti rí, ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan ní, àwọn tí ó gbà wọ́n lálejò. Yorùbá tí wọ́n fi kọ ọ́ kò rẹlẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Thomas yìí kan náà ni ó kọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá.

Mo kọ gbogbo èyí sí ojú ewé mẹ́fà, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fún àbúrò mi. Ó kà á fún ọkọ rẹ̀, wọ́n kà á ní ìpàdé ìdílé, ẹnì kan sì háyà rẹ̀ lọ sí Ìnísà tí kò tíì dá a padà. Ìdajì owó tí alágbàtà gbà kò padà wá títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ilé-ìwé mìíràn ní Gazimağusa láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, ó sì mọ̀ pé àríwá ni òun ń lọ, pé Ankara ni ilé ìjọba wa wà, pé òun kò ní sọdá. Ó lọ. Ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, àbúrò mi pè mí láti ọjà. Ó ní ọmọ òun ti rí ewédú náà rà, gbígbẹ ni, ó rẹ ẹ́ sómi, ó sè é, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò fi jà á. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ bá mi fi kún ìwé yẹn. Kí ẹni tí ó bá tún ń lọ mú ìjábẹ̀ dání."